Yíyan áàpù tó máa ń ní ká dáwọ́ dúró nídìí kọ̀ǹpútà

Bí àsìkò tí àwọn ọmọ LAUTECH ń fi pírójẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bá ti wọlé dé, ṣọ́ọ̀bù wa ní Under G, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, kì í tì kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù. Ẹnìkan á kó ojú ìwé 70 tó fọwọ́ kọ wá. Ẹlòmíì á ní kí àǹtí bá òun tún tábìlì orí kẹrin tò. Ẹlòmíì á jókòó tì mí bí ẹni tó wá gba gbèsè, á máa ka ọ̀rọ̀ sí mi létí bí mo ṣe ń táìpù. Nínú irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí.

Mo kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ ilé ló fà á. Mo fi Robb ra á, mo fi omi gbígbóná jó o. Ọjọ́ tí mi ò lè ṣí ìdérí ìgò omi mọ́ ni mo gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ. Ó yẹ ọwọ́ náà wò, ó béèrè iye wákàtí tí mo fi ń jókòó lójúmọ́, ó ní kí n yáa máa dáwọ́ dúró kí ọwọ́ tó dá mi dúró.

Ó rọrùn lẹ́nu. Ẹni tí iṣẹ́ ti gbé lọ kì í mọ̀ pé oòrùn ti yẹ̀ lórí. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá áàpù nìyẹn, irú èyí tó máa ń yọ sí ojú kọ̀ǹpútà láti sọ pé ó tó, ẹ dìde, ẹ gbójú sókè. Mo ti lo márùn-ún, mo sì ti yọ mẹ́ta dànù. Èyí tó rẹwà jù ni mo kọ́kọ́ yọ. Ohun méjì ni mo fi ń yan áàpù báyìí: ṣé ó mọ ìgbà tí mò ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àti báwo ló ṣe rọrùn tó láti lé e lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Níbo ló ń dùn yín?

Ẹ má tíì tan dátà. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ kí ìsinmi náà bá yín ṣe, torí ìsinmi tí ojú ń fẹ́ yàtọ̀ sí ti ọwọ́, ti ọwọ́ sì yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn.

Ká mú ojú. Ẹni tó tẹjú mọ́ sìkírìnì kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ, ojú á wá gbẹ, á máa ta á. Iṣan inú ojú tó ń jẹ́ ká rí ohun tó wà nítòsí náà á fà gan-an láì rí àyè dẹwọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn ojú ní Amẹ́ríkà fi máa ń sọ òfin 20-20-20 fún àwọn èèyàn: bí ìṣẹ́jú 20 bá pé, ẹ gbójú kúrò, ẹ wo ohun tó fi ẹsẹ̀ bàtà 20 jìnnà sí yín, nǹkan bíi mítà 6, fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. Igi màńgòrò tó wà lódìkejì títì ni èmi máa ń wò. Ìlú màńgòrò àti kajú ni Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá ní òun ò rí igi wò níbí, kò wá a ni. Fún ojú nìkan, ẹ ò tiẹ̀ nílò kí ẹ dìde.

Ti ọwọ́ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn iṣan ọrùn ọwọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ bí a ṣe ń táìpù ń fẹ́ ìdádúró kéékèèké lemọ́lemọ́. Kéèyàn táìpù wákàtí 3 gbáko, kó wá fi wákàtí 1 nà gbalaja, ọwọ́ ò ka ìyẹn sí. Ẹ̀yìn àti ọrùn ní tiwọn, ìdìde ni wọ́n ń fẹ́. Àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìṣẹ́jú 5 sí 10 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan sàn ju ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn wákàtí 2 lọ. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1992 sì ti sọ ọ́ di dandan fún agbanisíṣẹ́ láti ṣètò iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kí ìdádúró lè wà nínú ẹ̀. Ní Under G, èmi ni ọ̀gá ara mi. Ọ̀gá náà ò láàánú.

Àwọn èèyàn sì máa ń ṣi Pomodoro, ọ̀nà kan láti fi aago pín àsìkò iṣẹ́ àti ìsinmi, mú fún èyí. Francesco Cirillo, ará Ítálì kan, ló gbé e jáde ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Aago ìdáná tó rí bíi tòmátì ló ń lò. Ìṣẹ́jú 25 iṣẹ́, ìṣẹ́jú 5 ìsinmi. Ó dára fún ọmọ ilé ìwé tí ọkàn rẹ̀ ń sá kiri nídìí ìwé. Ìṣẹ́jú 25 táìpù láìdúró kò dára fún ọwọ́ tó ti ń ro tẹ́lẹ̀.

Bí ìka bá ń kú, tàbí ìrora ń jí yín lóru, ẹ fi áàpù sílẹ̀ ná, ẹ lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn LAUTECH wà nílùú, ti Bowen náà wà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo kọ̀ǹpútà tí ẹ ní

Èyí ò gba àkókò. Ṣé Windows ni, Mac ni, àbí Linux? Ṣé tòkunbọ̀ ni, pẹ̀lú RAM GB 4? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá áàpù fífúyẹ́, torí Word, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti Chrome nìkan ti tó ẹrù fún un. Áàpù tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ fi ímeèlì forúkọ sílẹ̀ kó tó lè sọ fún yín pé ẹ dìde, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kíka ìṣẹ́jú kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan, kó máa ṣiṣẹ́ láì jẹ dátà.

Ìgbésẹ̀ 3: Aago lásán, àbí aago tó ń ṣọ́ ọwọ́?

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ áàpù ti ń di ohun tí a kò kà sí mọ́.

Oríṣi méjì ni wọ́n. Àkọ́kọ́ ń ka aago lásán: bí ìṣẹ́jú 30 bá ti pé, á yọjú, yálà ẹ wà nídìí kọ̀ǹpútà tàbí ẹ ti lọ ra ẹ̀kọ. Ìkejì ń ṣọ́ kíbọ́ọ̀dù àti mọ́ọ̀sì. Bí ọwọ́ bá dákẹ́, òun náà á dá kíkà dúró. Bí ìdákẹ́ náà bá sì pẹ́ tó, á gbà pé ẹ ti sinmi, á bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Mo ti táìpù fún ìṣẹ́jú 18. Oníbàárà kan wọlé, ó fẹ́ ṣe fọ́tókópì. Mo dìde, mo ṣe é tán, mo wá ṣẹ́ńjì fún un, a ṣàwàdà díẹ̀, ìṣẹ́jú 12 ti lọ. Mo padà jókòó, mi ò tíì tẹ lẹ́tà márùn-ún, áàpù ti bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà: ẹ sinmi! Ìsinmi wo? Ibi tí mo ti ń sinmi bọ̀ nìyí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, èèyàn á rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹta, ọwọ́ á ti mọ ibi tí bọ́tìnnì tó ń pa á wà, ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ kí ojú tó rí ohun tó kọ síbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ó yọ ọ́ kúrò, ẹ ó sì máa sọ káàkiri pé áàpù bẹ́ẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Kò kàn mọ̀ yín ni.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń dìde déédéé nítorí oníbàárà, tàbí tí NẸ́PÀ ń mú iná lọ mọ́ lọ́wọ́, aago tó ń ṣọ́ ọwọ́ ló yẹ ẹ́.

Àbùkù kan wà lára òun náà tí wọn kì í sọ fún èèyàn. Bí mo bá ń yẹ ojú ìwé 40 wò kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ọwọ́ mi máa ń wà lórí itan. Ojú ló ń ṣiṣẹ́. Áàpù tó ń ṣọ́ kíbọ́ọ̀dù á rò pé mo ti lọ sùn, wákàtí kan lè kọjá tí kò ní sọ̀rọ̀, ojú mi á sì ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń wo fídíò ẹ̀kọ́. Níbi tí mo bá a dé nìyí: bí ọwọ́ bá ń dùn yín, ẹ mú èyí tó ń ṣọ́ ọwọ́, bó bá jẹ́ ojú, tí iṣẹ́ yín sì jẹ́ kíkà ju táìpù lọ, aago lásán ò burú. Fóònù tí a ṣètò kó máa dún ní ìṣẹ́jú 20 náà á ṣe é, láì fi náírà kan kún un.

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń táìpù fún èèyàn béèrè. Áàpù tó ń ṣọ́ kíbọ́ọ̀dù, ṣé kì í ka ohun tí mò ń tẹ̀? Àwọn ọmọ ilé ìwé ń tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé wọn lórí kọ̀ǹpútà mi. Áàpù ìsinmi ò nílò ju kó mọ̀ pé a tẹ nǹkan lọ, kò nílò kó mọ lẹ́tà tí a tẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá wa wò ó? Ìdí nìyí tí mo fi ń mú èyí tí àwọn tó ṣe é gbé kóòdù rẹ̀ síta kí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò. Workrave, Stretchly àti Safe Eyes wà lára irú bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mú méjì péré nínú ìwọ̀nyí

Workrave wà fún Windows àti Linux. Ojú rẹ̀ ò rẹwà, ó rí bí áàpù àtijọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe fún ọwọ́ pọ̀. Oríṣi ìsinmi mẹ́ta ló ní: kékeré, ńlá, àti òpin iṣẹ́ ojúmọ́. Ìgbà tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń kà. Ó tún ní ètò kan fún ìgbà tí a bá ń kàwé, tí kíkà rẹ̀ kì í dúró bí ọwọ́ bá tilẹ̀ dákẹ́; èyí yanjú ìṣòro tí mo sọ lókè, bí ẹ bá ti ń rántí láti tàn án. Bí ìsinmi ńlá bá dé, á fi àwòrán hàn yín bí ẹ ṣe lè na ọwọ́ àti ọrùn.

Stretchly wà fún Windows, Mac àti Linux. Ó dára lójú, ó sì máa ń kìlọ̀ kó tó dé: ìṣẹ́jú-àáyá 10 ṣáájú ìsinmi kékeré, 30 ṣáájú ńlá. Ẹ má fojú kékeré wo ìkìlọ̀ yìí. Ẹ wà láàárín gbólóhùn kan, ẹ fẹ́ parí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kàn já lulẹ̀ lójijì á bínú. Bí ẹ bá kúrò nídìí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, á gbà pé ẹ ti sinmi. Ó wúwo ju Workrave lọ, torí orí Electron ni wọ́n kọ́ ọ lé, tó túmọ̀ sí pé ó gbé bùráúsà kan odidi pọ̀n. Tòkunbọ̀ mi mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ rẹ̀.

Safe Eyes jẹ́ ti àwọn onílinux. Àwọn tó bá ń lo GNOME, ọ̀kan lára àwọn ojú iṣẹ́ tí Linux máa ń lò, tó bá jẹ́ ẹ̀dà 48, tó jáde ní 2025, tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ kọ́kọ́ yẹ inú Settings wò, ìránnilétí fún ojú àti fún ìdìde ti wà níbẹ̀. Àwọn oní-Mac ní Time Out, tó máa ń mú ojú kọ̀ǹpútà ṣá díẹ̀díẹ̀ dípò kó já lù yín. Ó tún ku EyeLeo fún Windows, níbi tí ẹkùn kékeré kan ti máa ń yí ojú sọ́tùn-ún sósì kí ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi sọ ọ́ ní Àmọ̀tẹ́kùn, bíi ti àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2020. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fọwọ́ kan áàpù yẹn gbẹ̀yìn, mi ò lè fi lọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ojúlé àwọn tó ṣe wọ́n ni kí ẹ ti gbà wọ́n. Ẹ má gbà á nínú fláàṣì ọ̀rẹ́. Àwa tí a ń fi fláàṣì onífláàṣì sára kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́ mọ ohun tó ń gbé nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tún iye ìṣẹ́jú ṣe

Iye tí wọ́n fi sínú áàpù láti ilé wọn kì í bá gbogbo èèyàn mu. Workrave ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú-àáyá 30 ní ìṣẹ́jú 3, ìsinmi ìṣẹ́jú 10 ní ìṣẹ́jú 45, àti wákàtí 4 fún odidi ọjọ́. Stretchly ní tirẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 20 ní ìṣẹ́jú 10, àti ìṣẹ́jú 5 ní ìdajì wákàtí.

Ìṣẹ́jú 3! Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo fẹ́ẹ̀ sọ kọ̀ǹpútà síta. Mo ti rí i pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an ni iye yẹn bá mu. Mo sún un sí ìṣẹ́jú 10, mo sì dín ìsinmi rẹ̀ sí ìṣẹ́jú-àáyá 20. Ìsinmi ńlá, mo fi í sí ìṣẹ́jú 45 bó ṣe wà, ṣùgbọ́n mo gé gígùn rẹ̀ sí 7. Ìṣẹ́jú 7 ti tó láti rìn dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ kí n sì padà. Ti wákàtí 4, mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá táìpù wákàtí 4 péré lóṣù pírójẹ́ẹ̀tì, kí ló fẹ́ jẹ? Mo sọ ọ́ di 7. Ẹ rántí pé ìgbà tí ọwọ́ ń lọ nìkan ló ń kà, wákàtí 7 tirẹ̀ lè gba gbogbo ọjọ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́.

Ẹ má yí iye méjì padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ yí ọ̀kan, ẹ lò ó fún ọjọ́ méjì, ẹ wá tún wò ó.

Ìgbésẹ̀ 6: Bọ́tìnnì tó ń lé e lọ

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo áàpù ìsinmi ló ní ọ̀nà tí a lè gbà lé e lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ètò líle tí a lè tàn, tí kò ní jẹ́ ká lé e mọ́. Mo ti ṣe méjèèjì rí. Ìgbà tí ó rọrùn láti lé, mo lé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láì mọ̀ pé mò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá bínú sí ara mi, mo tan ètò líle.

Ọjọ́bọ̀ kan, ọmọkùnrin kan ní iṣẹ́ tó fẹ́ gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí aago mẹ́rin tó lù. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 50, ó ku ojú ìwé kan, kọ̀ǹpútà bò mọ́ wa lójú: ìsinmi ìṣẹ́jú 7. Kò sí bọ́tìnnì. Ọmọ náà fò sókè, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò!” Mo tẹ ibi tí a ti ń pa kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ títí ó fi kú, mo tún tàn án, tòkunbọ̀ náà fi ìṣẹ́jú 4 dìde. Ó ku ìṣẹ́jú 1 kí ibẹ̀ tì ni iṣẹ́ náà wọlé. Ó dúpẹ́, ó sanwó, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà: “Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ má sinmi mọ́ lójú oníbàárà.”

Ẹ̀bi mi ni, mi ò dá áàpù lẹ́bi. Láti ọjọ́ yẹn, àárín ni mo wà. Nínú Stretchly, a lè sún ìsinmi síwájú, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ń gbà bí ẹ ò bá yí i padà. Nínú Workrave, ẹ lè yọ bọ́tìnnì ìfòdá, kí ẹ fi ti ìsúnsíwájú nìkan sílẹ̀. Bí mo bá rí i pé iṣẹ́ pàjáwìrì ń bọ̀, mo máa ń dá áàpù dúró fún wákàtí kan kí n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò fún ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irú áàpù yìí sórí rẹ̀ rárá.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan

Ẹ lo áàpù kan fún ọjọ́ mẹ́ta, ìkejì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má lo méjèèjì pọ̀, wọ́n á máa gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fi í sí i, ẹ fi ìsinmi ńlá sí ìṣẹ́jú 15, ẹ táìpù fún ìṣẹ́jú 4, ẹ wá dìde fún ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ bá padà tó bá já lù yín lójú ẹsẹ̀, aago lásán ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa láptọ́ọ̀pù dé kó sùn, ẹ ṣí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, bíi pé NẸ́PÀ mú iná lọ tí ó sì gbé e padà, ẹ wo bí yóò ṣe ṣe. Ẹ ṣí fídíò kan tó kún ojú kọ̀ǹpútà, ẹ wò bóyá ó mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ wo RAM tó ń jẹ nínú Task Manager.

Ìdánwò tó kù, ìwé àti bírò ni. Ẹ máa fa igi kan ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lé ìsinmi lọ. Bí igi bá ju márùn-ún lọ lójúmọ́, ẹ fi ìṣẹ́jú kún àárín ìsinmi kí ẹ tó yọ áàpù náà. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ ọ́, ẹ mú ìkejì.

Èyí tó bá borí, ẹ ṣètò rẹ̀ kó máa jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, torí ẹni tó ti rẹ̀ kì í rántí tan áàpù ìsinmi. Ẹ wá kọ àwọn iye ìṣẹ́jú yín sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibì kan, torí ọjọ́ tí ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà fún ẹni tó ń tún un ṣe, tó bá fi Windows tuntun sí i, gbogbo ètò yẹn lọ nìyẹn. Tèmi wà lára ògiri, lábẹ́ iye owó fọ́tókópì: 10, 20, 45, 7, wákàtí 7. Àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń béèrè bóyá nọ́ńbà tẹ́tẹ́ ni.